Péjò 504 kékeré tí mo rà láti Ìlú Ọba dé pẹ̀lú àbùkù: báwo ni mo ṣe lè gba òmíràn?

Ọmọ Onípéjò (Tanke)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, mo sì mọ̀ pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn kan níbí.

Mọ́tò kékeré onírin ni mo máa ń kó jọ, àwọn tí wọ́n ṣe ní ìwọ̀n 1:43 (mọ́tò gidi gùn tó ìlọ́po 43 rẹ̀), tí sàlúùnù 504 kan fi máa ń gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10. Kì í ṣe gbogbo mọ́tò ni mo ń wá. Èyí tó ná ọ̀nà Kwara yìí nígbà tí a wà lọ́mọdé ni mo fẹ́: Bedford tí wọ́n fi ṣe bọ̀lẹ̀kájà, Volkswagen ìjàpá, àti Péjò 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná lọ́dún 1975. Wágọ́ọ̀nù 504 ni bàbá mi fi ná Ìlọrin sí Òmù-Àrán títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo rí òǹtajà kan ní Ìlú Ọba tó ń ta mẹ́ta pọ̀, sàlúùnù, wágọ́ọ̀nù àti píkọ́ọ̀pù, mo sanwó lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí mi.

Páálí òde kò ní ìpalára kankan. Inú rẹ̀ ni wàhálà wà. Sàlúùnù dára. Píkọ́ọ̀pù, irin tó gbé táyà iwájú méjèèjì ti wọ́, táyà apá òsì kò kanlẹ̀. Wágọ́ọ̀nù ló bà mí nínú jẹ́ jù. Ọ̀dà orí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti wú kókó-kókó, ilà tẹ́ẹ́rẹ́ sì ti là lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Mo ṣì fi wọ́n sínú àpótí ike tí wọ́n bá wá, n kò tú ìdè wọn, nítorí ẹni tó bá ń kó irú rẹ̀ jọ mọ̀ pé bí a bá ti tú u báyìí, iye rẹ̀ ti já wálẹ̀.

Mo kọ̀wé sí òǹtajà. Èsì tó fún mi ni pé kí n kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, kí n fi owó ara mi san owó ìfiránṣẹ́, kí wọ́n tó wò ó. Owó tí mo máa fi dá a padà sí Lọ́ńdọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ ra tuntun. Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n dá a padà, àbí kí n gbé e lọ fún ẹni tó lè tún un ṣe ní Òpópónà Taiwo, ní Ìlọrin níbí?

Àlàájì Gáà-Àkàǹbí

Ẹ pẹ̀lẹ́, àbúrò. Kí a tó sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ dá wa lóhùn ná. Kí lẹ fi sanwó? Ìgbà wo lẹrù dé? Ṣé páálí àti ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ṣì wà? Òǹtajà yẹn ńkọ́, ṣé ṣọ́ọ̀bù ni, àbí ẹnì kan tó ń ta ẹrù ilé rẹ̀? Ohun tí ẹ bá sọ ló máa jẹ́ ká mọ ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀. Ẹ má tíì da nǹkan kan nù o, títí dé bébà tí wọ́n fi wé e.

Ọmọ Onípéjò (Tanke)

Ẹ ṣé, Àlàájì. Káàdì dọ́là orí fóònù ni, mo so ó mọ́ PayPal, ìkànnì tí wọ́n fi ń sanwó. Oṣù yìí náà lẹrù dé. Páálí wà, rìsíìtì wà. Ṣọ́ọ̀bù gidi ni, orúkọ ilé-iṣẹ́ wà lórí rìsíìtì.

Ìyá Ọmọlángidi (Òmù-Àrán)

Ọmọ mi, má dá nǹkan kan padà o, ó kéré tán kì í ṣe báyìí. Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ fún ọ.

Ọmọlángidi ni tèmi. Mo ní ti ilé, Wúràọlá, Nneka àti Azeezah tó jẹ́ ti Queens of Africa, èyí tí Taofick Okoya dá sílẹ̀ lọ́dún 2007. Mo sì ní ti òkè òkun, àwọn àtijọ́ tí ojú wọn máa ń pa dé bí a bá tẹ́ wọn sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn dé láti Amẹ́ríkà, ojú kan ń pa dé, èkejì kò mira. Òǹtajà tó tà á fún mi kò bèèrè pé kí n dá a padà rárá. Ohun tó ní kí n ṣe ni pé kí n gé irun rẹ̀ kúrò, kí n ya fọ́tò rẹ̀, kó lè dá a lójú pé n kò ní lọ tà á fún ẹlòmíràn. Ó dùn mí láti gé e, ṣùgbọ́n mo gé e, òmíràn sì wọlé.

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé owó tí wọ́n máa ná lórí gbígba ẹrù padà láti Nàìjíríà, pẹ̀lú aṣọ́bodè tiwọn lọ́hùn-ún, ju èrè tí wọ́n jẹ lórí rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ̀rí ni kí o fún wọn, kì í ṣe ẹrù. Bí o ṣe máa ṣe é nìyí.

Gbé mọ́tò náà sórí aṣọ funfun ní ìta gbangba, lójú ọ̀sán, má lo iná gílóòbù. Ya àpapọ̀ rẹ̀, kí o wá ya ibi tí àbùkù wà ní sísúnmọ́. Jẹ́ kí ìwé àdírẹ́sì tó wà lára páálí hàn nínú ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò náà. Ti píkọ́ọ̀pù, ṣe fídíò kékeré, gbé e sórí dígí tó tẹ́jú kí wọ́n lè rí i pé táyà kò kanlẹ̀. Nínú lẹ́tà rẹ, kọ nọ́ńbà ríra, ọjọ́ tó dé, àbùkù tó wà lára èyí kọ̀ọ̀kan, àti ohun kan ṣoṣo tí o fẹ́. Bí o bá sọ pé "ẹ pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí ẹ dá owó padà tàbí ohun tó bá wù yín", èyí tó rọrùn fún wọn ni wọ́n máa mú. Má kọ ìtàn Bàbá sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn náà dùn mọ́ mi nínú. Ẹni tó ń ka lẹ́tà wọ̀nyẹn ń ka ọ̀pọ̀ lójoojúmọ́.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé: nígbà mìíràn, ẹ̀yà kan ṣoṣo ni kí o bèèrè. Lego, àwọn ará Dẹ́ńmáàkì, máa ń fi ẹ̀yà tó sọnù tàbí tó fọ́ ránṣẹ́ láìgba owó, bí o bá ti fún wọn ní nọ́ńbà tó wà lára páálí àti nọ́ńbà ẹ̀yà náà tó wà lẹ́yìn ìwé ìtọ́nisọ́nà. Kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bíbéèrè kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Ọmọ Ọlọ́fà

Màmá, ẹ kú àlàyé, ṣùgbọ́n ẹ ń bá àwọn èèyàn yìí lò pẹ̀lú ìfẹ́ jù. Ẹni tó ti sọ pé "kó o padà, sanwó ara rẹ" ti fi ọkàn rẹ̀ hàn. Ní tèmi, kí Onípéjò lọ bá báńkì tó ni káàdì, kó ní kí wọ́n fa owó náà padà. Ó parí. Tí owó bá ti jáde lọ́wọ́ òǹtajà, òun fúnra rẹ̀ ló máa wá máa kọ lẹ́tà.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ta ló sọ pé kó dá píkọ́ọ̀pù padà? Àwọn tó ń kó mọ́tò jọ máa ń fi owó gidi ra èyí tí ilé-iṣẹ́ bá ṣì ṣe. Kó fi pamọ́.

Àǹtí Fate

Ọmọ Ọlọ́fà, ẹ rọra. Ọ̀rọ̀ káàdì ni mo fi ń jẹun, mo sì fẹ́ kí Onípéjò gbọ́ eléyìí dáadáa.

Tó bá ti báńkì bẹ̀rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bèèrè ni ẹ̀rí pé ó ti bá òǹtajà sọ̀rọ̀, tí òǹtajà sì kọ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo kò tó. Nígbà tí PayPal sì wà láàárín, ọ̀dọ̀ PayPal ni kó kọ́kọ́ lọ. Ọjọ́ 180 ni wọ́n fún ẹni tó rajà láti ṣí ẹjọ́, láti ọjọ́ tó sanwó. Tó bá ti ṣí i, òun àti òǹtajà máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Láàárín ọjọ́ 20, bí wọn kò bá gbọ́ra yé, kó tẹ ibi tó máa gbé ẹjọ́ náà dé iwájú PayPal fúnra wọn. Bí ọjọ́ 20 bá kọjá láìṣe bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ náà máa ti ara rẹ̀, kò sì ṣeé tún ṣí.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú àwọn èèyàn wa. Òǹtajà á sọ pé "mo ti ń fi òmíràn ránṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ti ẹjọ́ náà". Ẹ má tì í. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó fi ránṣẹ́, kí ẹrù dé ọwọ́ yín, kí ẹ tó tì í. Bí ọjọ́ 20 bá sì fẹ́ pé tí ẹrù kò tíì dé, ẹ gbé e síwájú.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà: PayPal lè sọ pé kí ẹ dá ọjà padà kí wọ́n tó dá owó yín padà, owó ìfiránṣẹ́ yẹn sì lè jẹ́ tiyín. Fún ìdí èyí, ti Màmá Òmù-Àrán ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ẹjọ́ wà fún ìgbà tí òǹtajà bá dákẹ́ tàbí tó kọ̀.

Ọ̀rọ̀ káàdì ló kù. Àwọn káàdì dọ́là orí fóònù yẹn, ilé-iṣẹ́ tó ń fún wa máa ń pa wọ́n tì nígbà míì, tàbí kí àwa fúnra wa pa á kí a gba tuntun. Owó tí wọ́n bá dá padà, orí káàdì tí ẹ fi sanwó ló ń lọ. Bí káàdì yẹn bá ti kú, owó náà lè há sáàárín, ẹ óò sì máa pe èyí, ẹ óò máa pe tọ̀hún. Nítorí náà, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí kò bá tíì parí, ẹ má pa káàdì yẹn.

Mọ́tò Kékeré (Ajásẹ́-Ìpo)

Mo fẹ́ dáhùn apá kejì ọ̀rọ̀ Ọmọ Ọlọ́fà, nítorí ó lè mú kí ẹnì kan pàdánù. Òótọ́ ni pé àwọn kan ń ra àṣìṣe ilé-iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tí wọ́n ń rà ni irú èyí tí wọ́n fi táyà mọ́tò mìíràn sí, tàbí tí wọ́n gbàgbé láti tẹ àwòrán sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tí mọ́tò dojú kọ ẹ̀yìn nínú ike tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú. Ohun tí ojú lè rí pé ilé-iṣẹ́ nìkan ló lè ṣe é. Irin tó wọ́, ìpalára lásán ni wọ́n ń pè é, wọn kò ní fi kọ́bọ̀ kún un. Ẹ má tọ́jú píkọ́ọ̀pù yẹn nítorí owó ọ̀la.

Ẹ má sì gbé e lọ Taiwo o. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fi ọwọ́ kàn án, òǹtajà á ní ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́.

Alágbẹ̀dẹ Ìgbàlódé (Ìgbájà)

Ẹ̀yin èèyàn ń sọ̀rọ̀ píkọ́ọ̀pù, ẹ sì fi wágọ́ọ̀nù sílẹ̀. Wágọ́ọ̀nù yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Irin dídà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní pọ́lì, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀.

Mọ́tò kékeré wọ̀nyí kì í ṣe irin gidi. Síńkì ni wọ́n yọ́, tí wọ́n da alumíníọ̀mù tó tó ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ mọ́, wọ́n á wá fi agbára tì í sínú mọ́ọ̀dù. Bí síńkì náà bá mọ́, ohun tó bá tibẹ̀ jáde lè pẹ́ ju ẹni tó rà á lọ. Ṣùgbọ́n bí òjé, tánganran tàbí kádímíọ̀mù bá wọ inú rẹ̀, kódà díẹ̀ kíún, irin náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara rẹ̀ láti inú wá, bí igi tí ikán ti wọ̀ tí òde rẹ̀ ṣì ń dán. Ọ̀dà á kọ́kọ́ wú. Ilà tẹ́ẹ́rẹ́ á wá là. Ara rẹ̀ á wú, á tẹ̀, á sì fọ́ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ kan. "Zinc pest" ni àwọn tó ń kó o jọ ń pè é. Ohun ìṣeré ìgbà àtijọ́, pàápàá àwọn tí wọ́n ṣe kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀, ló kún fún un, nítorí síńkì ìgbà yẹn kò mọ́ tó. Ọdún 1929 ni ilé-iṣẹ́ New Jersey Zinc ní Amẹ́ríkà gbé àdàlù tí wọ́n pè ní Zamak jáde, tí wọ́n fi síńkì tó mọ́ tó 99.99 nínú ọgọ́rùn-ún ṣe. Ìwọ̀n òjé tí wọ́n gbà láàyè nínú irú àdàlù bẹ́ẹ̀ lónìí kò ju 0.005 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Síbẹ̀, bí ilé iṣẹ́ kan bá da irin àlòkù tí kò mọ́ sínú ìkòkò, nǹkan náà á tún yọjú, kódà lára ọjà tuntun.

Kò sí oògùn rẹ̀. Kò sí gúlù, kò sí ọ̀dà, kò sí ẹni ní Taiwo tàbí Lọ́ńdọ̀nù tó lè wò ó sàn. Nítorí náà, wágọ́ọ̀nù, ẹ má gbà kí wọ́n bá yín tún un ṣe, ẹ má sì gba ẹ̀dínwó lórí rẹ̀. Pààrọ̀ tàbí owó nìkan.

Àlàájì Gáà-Àkàǹbí

Alágbẹ̀dẹ, mo bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ yín, ṣùgbọ́n ṣé kì í ṣe ooru àti ọ̀rinrin wa ló ń ṣe é? Ní Ìlọrin níbí, òjò oṣù Kẹsàn-án nìkan tó láti wú ọ̀dà ilẹ̀kùn ilé. Òǹtajà á sọ pé inú ilé yín ló ti bàjẹ́.

Alágbẹ̀dẹ Ìgbàlódé (Ìgbájà)

Àlàájì, ọ̀rinrin àti ooru ń mú kó yára, òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n wọn kì í dá a sílẹ̀. Síńkì tó mọ́ lè wà nínú ọ̀rinrin fún ọ̀pọ̀ ọdún, ojú rẹ̀ nìkan ló máa ṣá. Èyí tí òjé wà nínú rẹ̀ máa fọ́ bó tilẹ̀ wà nínú yàrá tútù ní Jámánì. Ohun tí ẹ máa fi mọ̀ ọ́n ni ilà yẹn. Bí ọ̀dà nìkan bá wú, ẹ lè ṣiyèméjì. Bí irin abẹ́ rẹ̀ bá là, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Kí Onípéjò ya ilà náà ní sísúnmọ́, kó sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé àbùkù inú irin ni. Ẹrù tó sì dé láàárín oṣù yìí, ta ló máa gbà pé Tanke ló bà á jẹ́?

Ìyá Ọmọlángidi (Òmù-Àrán)

Ti ike yàtọ̀ sí ti irin o, kí ẹnikẹ́ni má da méjèèjì pọ̀. Àwọn ère oníke rírọ̀, bí a bá dì wọ́n pa sínú páálí níbi tó gbóná, ara wọn máa ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Òróró tí wọ́n fi mú ike náà rọ̀ ló ń jáde síta. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ pààrọ̀. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò le ni, kí ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn wà, kúrò lójú oòrùn. Mo ti rí ẹni tó bá òǹtajà jà gidigidi nítorí rẹ̀.

Lọ́yà Adéwọ́lé

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Onípéjò, òǹtajà yẹn kò sọ òótọ́ fún yín nípa owó ìfiránṣẹ́.

Ní Ìlú Ọba, òfin tó ń ṣàkóso rẹ̀ ni Consumer Rights Act ti ọdún 2015. Ohun tí òfin náà sọ ni pé ẹni tó ra ọjà alábùkù lọ́wọ́ oníṣòwò lè kọ̀ ọ́ láàárín ọjọ́ 30, kó sì gba owó rẹ̀ padà ní pípé. Lẹ́yìn ọjọ́ 30, ó ṣì lè ní kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, àbùkù tó bá sì yọ láàárín oṣù 6 àkọ́kọ́, òfin gbà pé ó ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àfi bí òǹtajà bá fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó kàn yín jù ni pé nígbà tí ẹ bá kọ ọjà nítorí àbùkù, òǹtajà ló máa ru owó dídá a padà, níwọ̀n ìgbà tí owó náà kò bá ti kọjá ààlà. Ẹ kọ orúkọ òfin yẹn àti ọdún rẹ̀ sínú lẹ́tà kejì, láìbínú. Ẹ̀yin wà ní Ìlọrin, ṣùgbọ́n òun wà lábẹ́ òfin ilẹ̀ rẹ̀, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ tún ka àdéhùn títà tó wà lórí ìkànnì wọn, ẹ wo òfin ìlú tí wọ́n sọ pé àdéhùn náà tẹ̀lé.

Ìbéèrè tí Àlàájì bi yín níbẹ̀rẹ̀ ṣe pàtàkì, torí òfin yìí wà fún oníṣòwò nìkan. Ẹni tó ń ta ẹrù ilé rẹ̀ kò sí lábẹ́ apá yìí. Ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ yín ni pé kí ọjà rẹ̀ bá bó ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ mu.

Ọmọ Ọlọ́fà

Lọ́yà, ẹ ṣé gan-an. Àwọn tiwa ńkọ́? Èmi ra ère akọni kan lọ́wọ́ ẹnì kan ní Èkó tó ń tajà lórí fóònù, wọ́n fi mọ́tò páàkì gbé e wá sí Ọ̀fà. Ọwọ́ rẹ̀ ti yẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá sí ti fọ́tò. Ohun tó sọ fún mi ni pé "a kì í dá owó padà", pé ó wà lábẹ́ fọ́tò.

Lọ́yà Adéwọ́lé

Kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òfin FCCPA ti 2018, òfin Nàìjíríà tó ń dáàbò bo àwọn tó ń rajà, ló dá àjọ FCCPC tó ń mú un ṣẹ sílẹ̀ bó ṣe wà lónìí. Abala 122 nínú rẹ̀ sọ pé ọjà tí ẹni tó rà á kò láǹfààní láti yẹ̀ wò kó tó dé ọwọ́ rẹ̀, bí kò bá bá àpèjúwe tàbí àpẹẹrẹ tí wọ́n fi hàn án mu, ó lè dá a padà kó sì gba gbogbo owó rẹ̀, bó bá ti kọ̀ ọ́ láàárín àkókò tó bójú mu. Ọjà orí fóònù gan-an ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ yẹn. Ẹ fi fọ́tò tó polówó àti fọ́tò èyí tó dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ fi ránṣẹ́ sí i, ẹ dárúkọ òfin náà. Bó bá kọ̀, ẹ kọ̀wé sí àjọ náà. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ yín láti gbọ́ ẹjọ́.

Ẹ máa gba rìsíìtì o. Òfin kan náà ló sọ pé kí òǹtajà fún yín.

Mọ́tò Kékeré (Ajásẹ́-Ìpo)

Ohun kan wà tí kò tíì hàn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Púpọ̀ nínú wa kì í gba ẹrù tààrà. Àdírẹ́sì àwọn tó ń kó ẹrù wá láti òkè òkun la ń lò, wọ́n á kó o dé Èkó, wọ́n á wá fi wébíìlì gbé e wá sí Ìlọrin. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ òǹtajà ti parí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkẹ́rùsí ọ̀hún. eBay, ìkànnì tí àwọn èèyàn ti ń tajà, fúnra wọn kì í dáàbò bo ọjà tí wọ́n bá ti tún fi ránṣẹ́ síbòmíràn láti àdírẹ́sì àkọ́kọ́.

Àǹtí Fate

Kò tó ìyẹn láti ní kí èèyàn má lò wọ́n, nítorí òǹtajà mìíràn kì í fi nǹkan ránṣẹ́ sí Nàìjíríà rárá. Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò ẹrù náà ní ilé ìkẹ́rùsí kí wọ́n tó kó o sínú ọkọ̀. Àwọn kan ń ṣe é pẹ̀lú owó díẹ̀. Bí àbùkù bá hàn nínú fọ́tò yẹn, ìlú òǹtajà ni ẹrù ṣì wà, dídá a padà kò ná púpọ̀.

Bàbá Lẹ́tà (Ìlọrin)

Ẹ kú àjọrò, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti ṣiṣẹ́ ní pósítọ́fíìsì kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Bí ẹ bá lọ gba ẹrù láti òkè òkun, ẹ tú u níbẹ̀, lójú òṣìṣẹ́, kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí páálí bá ti ya tàbí tó ti rọ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Tí ẹ bá ti gbé e délé, ẹjọ́ ti yí padà.

Nọ́ńbà tó wà lára ẹrù, ẹ kà á dáadáa. Lẹ́tà 2, nọ́ńbà 9, lẹ́tà 2. Lẹ́tà méjì ìparí ni ìlú tó ti wá: GB fún Ìlú Ọba, NG fún tiwa. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ni irú iṣẹ́ tí wọ́n san owó rẹ̀. R jẹ́ èyí tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, E jẹ́ EMS, ìyẹn ìfiránṣẹ́ kíákíá, C jẹ́ páálí. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú U, ẹ má retí pé wọ́n lè tọpasẹ̀ rẹ̀ délé. Bí ẹrù bá sọnù tàbí tó fọ́ lójú ọ̀nà, ẹni tó fi í ránṣẹ́ ló máa bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní pósítọ́fíìsì tirẹ̀, oṣù 6 ló sì ní láti ṣe é. Ẹ má jẹ́ kí òǹtajà sọ pé kí ẹ lọ bá NIPOST, pósítọ́fíìsì tiwa níbí, jà. Òun ló ni ìwádìí náà.

Tí ó bá di dandan kí ẹ dá ẹrù padà, ìwé aṣọ́bodè tí ẹ máa kọ, CN22 tàbí CN23, ní àpótí kékeré kan fún ọjà tí wọ́n ń dá padà. Ibẹ̀ ni kí ẹ sàmì sí. Ẹ má sàmì sí ọjà títà, kí aṣọ́bodè ọ̀hún má baà gba owó lórí ohun tí wọ́n ti gbowó rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ so ẹ̀dà rìsíìtì àkọ́kọ́ mọ́ ọn.

Ọmọ Onípéjò (Tanke)

Ẹ kú ìdúró o. Olúwa á san án fún yín.

Mo ṣe bí Màmá ṣe wí, mo fi ilà ara wágọ́ọ̀nù hàn bí Alágbẹ̀dẹ ṣe sọ, mo sì dárúkọ òfin tí Lọ́yà kọ. Èsì tó wá lọ́tẹ̀ yìí yàtọ̀ pátápátá. Wọ́n ní kí n má dá nǹkan kan padà. Wọ́n máa fi píkọ́ọ̀pù tuntun ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ti wágọ́ọ̀nù, wọ́n ní òmíràn wà, ṣùgbọ́n inú ẹrù kan náà tí tèmi ti jáde ni gbogbo rẹ̀ ti wá, tàbí kí n gba owó rẹ̀ padà. Ọkàn mi ń fa wágọ́ọ̀nù, ẹ mọ ìdí. Kí ni kí n mú?

Alágbẹ̀dẹ Ìgbàlódé (Ìgbájà)

Owó. Ìkòkò kan náà ni wọ́n ti da gbogbo wọn. Eléyìí lè dé lónìí kó máa dán, kó tó ọdún mélòó kan kó là. Ẹ gbowó yín, kí ẹ wá èyí tí wọ́n ṣe ní ìgbà mìíràn.

Mọ́tò Kékeré (Ajásẹ́-Ìpo)

Mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bèèrè fọ́tò abẹ́ rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń tẹ àmì ìgbà tí wọ́n ṣe mọ́tò sí abẹ́ rẹ̀. Hot Wheels, fún àpẹẹrẹ, lẹ́tà kan fún ọdún àti nọ́ńbà méjì fún ọ̀sẹ̀. Bí ti èyí tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ bá yàtọ̀ sí tiyín, ẹ lè gbà á. Bí ó bá bára mu, tàbí tí kò sí àmì kankan, ẹ gbowó.

Ọmọ Onípéjò (Tanke)

Wọ́n ti fi fọ́tò ránṣẹ́. Àmì kan náà ló wà lábẹ́ méjèèjì. Mo ti ní kí wọ́n dá owó wágọ́ọ̀nù padà, káàdì náà ṣì wà láàyè. Ọ̀nà PayPal ṣì ṣí sílẹ̀ bí wọn kò bá san án, ọjọ́ ṣì wà láti ṣí ẹjọ́.

Bàbá Lẹ́tà (Ìlọrin)

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó fi píkọ́ọ̀pù ránṣẹ́, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé aṣọ́bodè pé ìpààrọ̀ ọjà alábùkù ni, kí wọ́n fi nọ́ńbà ríra àkọ́kọ́ sí i, kí wọ́n sì kọ iye rẹ̀ gan-an. Kí wọ́n má kọ ọ́ pé ẹ̀bùn ni, nítorí bó bá sọnù, iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni wọ́n á fi ṣe ìṣirò. Kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà fóònù yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì. Ilé púpọ̀ ní Tanke kò ní nọ́ńbà, fóònù ni wọ́n máa fi pè yín láti wá gbà á.